Ẹni Tó Na Téèpù Padà

Ọdún mẹ́wàá ni Akínbòdé, àfẹ́sọ́nà mi, ti ń wọn bí igi ṣe ń tóbi nínú igbó kan ṣoṣo. Ó ní iṣẹ́ náà ni yóò sọ òun di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọkùnrin tí kò mọ ìwọ̀n ìka mi mọ ìbàdí ọ̀ọ́dúnrún igi.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ku igi ọ̀gànwó ńlá kan tí kò tíì wọ̀n. Bí kò bá wọ̀n ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ ọdún náà bàjẹ́ nìyẹn.

"Fadékẹ́, jọ̀ọ́, bá mi gba téèpù lẹ́yìn igi."

"Ní kí igi tó o fẹ́ níyàwó gbà á," mo pòṣé, n kò kúrò níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn Akínbòdé.

Ó ju orí téèpù sẹ́yìn igi. Gbogbo ẹyẹ dákẹ́. Ewé gbígbẹ ń rún, téèpù sì rọra ń yí igi bọ̀ títí ó fi dé ọwọ́ rẹ̀.

"O ṣé, olólùfẹ́ mi," ó wí, ojú rẹ̀ wà lára nọ́ńbà. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Akínbòdé," mo pè é.

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi. Ọwọ́ tó na téèpù sí i láti ẹ̀yìn igi kò tíì fi téèpù náà sílẹ̀.