Ọwọ́ Mìíràn Kò Gbọdọ̀ Kàn Án

Láolú ló ta ọkọ̀ náà fún Fadékẹ́. Tòkúnbọ̀ ni, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀. Ìjọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ ní Ugbor, nílẹ̀ Ẹ̀dó. Láolú jẹ́ alàgbà níbẹ̀, Fadékẹ́ sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì. Lọ́jọ́ tí ó gba kọ́kọ́rọ́, Láolú fún un ní wárántì ọdún kan. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì tàbí jíà bá bàjẹ́ láàárín ọdún náà, òun yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè.

"Ẹ máa gbé e wá fún sáfíìsì ní oṣù méjì-méjì, Màmá Pẹ̀lúmi. Èmi fúnra mi ni n ó máa ṣe é. Ọwọ́ mẹkáníìkì mìíràn kò gbọdọ̀ kàn án o. Bí ó bá ti kàn án, wárántì ti parí nìyẹn."

Fadékẹ́ gbà, ó sì ń pa á mọ́. Bí àsìkò bá ti tó, yóò gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí Láolú ti ń tún ọkọ̀ ṣe, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú, Láolú yóò sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Láolú ní àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí wọ́n bá òun dá sí ọkọ̀ Fadékẹ́. Àwọn ará ìjọ gbọ́ èyí, wọ́n ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Láolú lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, kò sì tètè dé. Àsìkò sáfíìsì kò dúró dè é. Fadékẹ́ pè é lórí fóònù. Láolú bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ títí òun yóò fi dé. Fadékẹ́ ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúmidé ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Auchi, dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n sì ní kí ó wá gbé e wálé. Ẹ̀rù bà á láti gbé aláìsàn rin ọ̀nà jíjìn nínú ọkọ̀ tí kò tíì gba sáfíìsì. Ó yà ní Aduwawa lójú ọ̀nà Auchi, mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀dó sì bá a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà. Kò pẹ́ rárá. Pẹ̀lúmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó sínú ọkọ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

Olúmidé délé, ara rẹ̀ sì ń yá. Ọkọ̀ ni ara rẹ̀ kò yá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, jíà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni ń lọ òkúta. Lọ́jọ́ kan tí Fadékẹ́ ń ti ọjà Ekiosa bọ̀, jíà kọ̀, kò wọlé mọ́. Àwọn tó ń kọjá ló bá a ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Láolú ti dé nígbà náà. Fadékẹ́ pè é láti ilé, Láolú sì béèrè ohun tí Fadékẹ́ mọ̀ pé yóò béèrè.

"Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, Bọ̀dá Láolú," ni Fadékẹ́ wí. "Ọlọ́run gbọ́."

Nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀, ó rí Pẹ̀lúmi lẹ́nu ọ̀nà.

"Mummy, but that man for Aduwawa touch am."

Fadékẹ́ ní kí ó lọ fọ abọ́.

Láolú kò jiyàn. Lọ́jọ́ náà gan-an ló wá wọ́ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí Fadékẹ́ fọkàn balẹ̀, òun yóò wá jíà mìíràn. Ó tilẹ̀ tọrọ àforíjì pé òun kò sí nílé nígbà tí sáfíìsì pé. Inú rere yìí ni kò jẹ́ kí Fadékẹ́ gbádùn. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọdé ń ka Òfin Mẹ́wàá sókè ní kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi pé kí ènìyàn má pe orúkọ Ọlọ́run lásán, Pẹ̀lúmi pa ẹnu mọ́, ó ń wo ìyá rẹ̀. Fadékẹ́ yíjú sí pátákó. Ojú ń tì í débi pé ó rò pé gbogbo àwọn ọmọ náà ló mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Láolú fẹ́ gbé àga fún un, ó kọ̀. Ó kúnlẹ̀ síbi tí ó dúró sí, lórí ilẹ̀ tí ó rin gbìndìn fún ọ́ìlì, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo: ti Aduwawa, ti irọ́, ti orúkọ Ọlọ́run tí ó fi lé e lórí. Kò lè wo ojú Láolú. Láolú náà ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Láolú béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni yẹn, ṣé ó ṣí jíà wò?"

"Rárá o. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà nìkan ni."

"Kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ọkọ̀ náà?"

"Kò sọ nǹkan kan."

Láolú mí kanlẹ̀. Ó ní kí ó dìde. Ó ní òun ti dárí jì í, pé ẹni tó lè jẹ́wọ́ irú èyí ṣì ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn; wárántì ti parí. Fadékẹ́ ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun kò wá tọrọ nǹkan kan. Òun yóò wá ọ̀nà ra jíà náà fúnra òun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ni Olúmidé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì múlẹ̀, yóò máa wọ̀ lọ sí ọsibítù títí di ìgbà náà. Ó ní òun yóò sì sọ fún pásítọ̀ pé kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn fún àwọn ọmọ. Láolú kò ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbàdúrà fún un. Fadékẹ́ ṣe àmín, ó sì lọ.

Láolú ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ jẹun, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, ó tú ìdí jíà, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ìyẹ̀fun pákó jáde nínú rẹ̀, èyí tí ó dà sí i kí Fadékẹ́ tó rà á, tí ó sì ń fi tuntun kún ní gbogbo sáfíìsì, kí ariwo jíà tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán náà má baà dé etí ẹnikẹ́ni.