Ẹ̀rọ Ńlá Tó Jẹ Ìsọ̀ Ìyá Mutolib

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá gbé e jù sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó bá ń da yín láàmú pé òun fẹ́ ra ẹ̀rọ.

1.
Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Gafar ní Ìkòsì ni Mutolib ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ sára aṣọ àti kọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ tẹ àwòrán sórí bébà, wọ́n á fi irin gbígbóná tẹ bébà náà mọ́ aṣọ, àwòrán á sì wọnú aṣọ lọ. Ọwọ́ Mutolib yá, ojú rẹ̀ mọ àwọ̀. Nígbà tó gba fírídọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ pè é jókòó.

"Mutolib, ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí dà bí ọmú abiyamọ. Tí ọmọ ò bá mu ún lójoojúmọ́, gbígbẹ ló máa gbẹ. Tó o bá ra ńlá, níbo lo ti máa rí iṣẹ́ tí á máa mu ún?"

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," ni Mutolib wí. Àmọ́ ohun tó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ ni pé, "Bàbá yìí ò fẹ́ kí n ga jù ú lọ."

2.
Ìyá rẹ̀, Màríyámọ̀, ní ìsọ̀ ata kan ní Mile 12, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti tọ́ Mutolib, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà yẹn, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ta irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kó tó rí òmíràn.

Mutolib ti rí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ńlá kan ní Kétu, gígùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀gá mi, ṣé irú yín ló yẹ kó máa tẹ kọ́ọ̀bù? Jẹ́sì ni tiyín, bánà ni tiyín!" Ẹ̀rọ náà dára o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá ni.

"Mọ́mì, ẹ ta ìsọ̀ yẹn. Títí di ìgbà wo lẹ máa jókòó ti ata?"

"Mutolib, kékeré tí ọ̀gá ẹ wí ńkọ́? Owó àjọ mi ká ìyẹn."

"Kékeré! Kí àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ó fajúro. Kò jẹun nílé mọ́, kò kí ìyá rẹ̀ dáadáa mọ́. Màríyámọ̀ ò lè fara dà á. Ó ta ìsọ̀ náà fún Karimot, obìnrin tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

3.
Mutolib fi owó ìsọ̀ náà pẹ̀lú owó àjọ ìyá rẹ̀ ra ẹ̀rọ ńlá yẹn, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan wọlé wá.

"Bọ̀dá, kọ́ọ̀bù kan péré ni o. Ọjọ́ ìbí ọkọ mi ni."

Mutolib rẹ́rìn-ín. "Aunty, ẹ wo ẹ̀rọ yìí dáadáa. Ṣé kọ́ọ̀bù kan lẹ ń dárúkọ níwájú eléyìí? Ẹ lọ bá àwọn oní-kékeré."

"Háà! Ẹ̀rọ ńlá, ẹnu ńlá." Obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lé wọn. Ẹni tó fẹ́ fìlà méjì, ó lé e. Ẹni tó fẹ́ fi orúkọ ọmọ sára aṣọ, ó lé e. Iṣẹ́ ńlá ló ń retí. Ẹ̀rọ sùn, wọn ò tan án, tàdáwà sì ń gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

4.
Iṣẹ́ ńlá náà dé lóòótọ́. Aunty Bridget, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Magodo, kó jẹ́sì eré ìdárayá gbogbo ọmọ ilé-ìwé wá, pé kó tẹ àmì ilé-ìwé sí wọn lára. Mutolib tan ẹ̀rọ. Pupa kò jáde. Ìlà funfun gba inú àwòrán kọjá, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ jẹ́sì.

Ó gbé fóònù láti pe Ọ̀gá Gafar. Ó wò ó, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun kò ní rí òun bú. Tínà tí àwọn akunlé ń lò ló lọ rà, ó fi abẹ́rẹ́ fà á, ó fín in sí orí ẹ̀rọ, ibi tí tàdáwà ti ń jáde. Láti ìgbà náà, àwọ̀ kankan ò jáde mọ́. Àwọn jẹ́sì tó ti tẹ̀ ti bàjẹ́.

"Kí lẹ ṣe sí àmì ilé-ìwé wa?" Aunty Bridget pariwo. "Ṣé ológbò ló ha á ni? Ọ̀la làwọn ọmọ máa sáré o!"

Ìgbà yẹn ni Mutolib tó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá Gafar tú ẹ̀rọ wò, ó mi orí. "Orí rẹ̀ ti kú. Owó tó o máa fi ra òmíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó odindi ẹ̀rọ. Mutolib, kí ló dé tí o ò tètè pè mí?"

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé ẹ̀rọ náà lọ. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ra jẹ́sì mìíràn fún ilé-ìwé.

5.
Màríyámọ̀ padà sí Mile 12. "Karimot, jọ̀ọ́, ṣé o lè fún mi ní igun kan nínú ìsọ̀ náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àyè ò sí. Ọmọ mi ti wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ lè tẹ́ àpò sétí gọ́tà yẹn, mi ò ní lé yín."

Ẹ̀sà ló ń tà níbẹ̀ báyìí, ata àti tòmátì tó ti ń jẹrà, èyí tó ń ṣà jọ nídìí ọkọ̀. Mutolib di alábàárù nínú ọjà kan náà.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà àtijọ́ kan dúró. "Ìyá Mutolib! Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀? Ẹ ò wọ inú ìsọ̀ yín ni?"

"Atẹ́gùn ni mo ń gbà," ni ìyá náà dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mutolib wà lẹ́yìn wọn, apẹ̀rẹ̀ tòmátì lórí, omi rẹ̀ ń kán sí i lójú. Ó gbọ́. Kò lè sọ ẹrù kalẹ̀, ẹrù olówó ni. Ó kọjá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ra ẹ̀rọ tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín lè máa lò lójoojúmọ́. Ẹ má kẹ́gàn oníkọ́ọ̀bù kan. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ pe ẹni tó kọ́ yín, bó bá tiẹ̀ máa bú yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ta ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹun nítorí pé ọmọ fajúro. Ìfajúro á lọ, ibi tẹ́ ẹ tà kò ní padà.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Olongo kì í gbé tìmùtìmù.