Ìṣó Kẹrìnlá

Kò sí ẹni tí ń wọ bàtà lọ sí erékùṣù àárín adágún. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ jìn dé orúnkún. Bàtà tó bá ti gbé mì, ó gbé e mì nìyẹn. Nítorí náà, àwọn tí ń lọ gé esùsú fún àwọn tí ń hun ẹní kan ìṣó mẹ́rìnlá mọ́ pákó kan ní èbúté, oníkálukú ní tirẹ̀. Láàárọ̀ wọ́n á fi bàtà kọ́ ìṣó, wọ́n á wọ ọkọ̀. Nírọ̀lẹ́ atukọ̀ á kó wọn dé ní ẹ̀ẹ̀mejì, kálukú á mú bàtà rẹ̀, á gba ilé lọ. Bí bàtà bá ṣẹ́kù, ẹnìkan ṣì wà lọ́hùn-ún, atukọ̀ á padà lọ mú un. Bí kò bá ṣẹ́kù, atukọ̀ á fọwọ́ kan ìṣó tó gbẹ̀yìn, á ní, "Ó pé," á sì so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó-Pé ni wọ́n ń pè é.

Ìṣó kẹrìnlá jẹ́ ti ọkùnrin kan tó máa ń dá gé tirẹ̀ ní ẹ̀yìn erékùṣù, nítorí kò fẹ́ ariwo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ bínú dé èbúté. Obìnrin kan wà ní ìlú kejì tí ọkùnrin náà ń lọ kí, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀. Ó fi bàtà rọ́bà rẹ̀ kọ́ ìṣó, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Tí mo bá ti dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Má se oúnjẹ dè mí."

Àwọn tó wà níbẹ̀ wolẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fa ìborùn aláró rẹ̀ mọ́ra, ó padà sílé.

Ní ọ̀sán, ó gbé abọ́ oúnjẹ dé. Ó-Pé wà nínú ọkọ̀, ó ń gbọ́n omi. Ó sọ fún un pé ọkọ̀ kò ní gbéra títí di aago mẹ́rin.

"Mo mọ̀, Bọ̀dá. Ó kàn ń dùn mí pé kò jẹun jáde ni."

Ó jókòó díẹ̀ lábẹ́ pákó ìṣó. Lẹ́yìn náà Ó-Pé gbọ́ tí omi dún lẹ́yìn rẹ̀, níbi òpó èbúté, bí ẹni ń ṣan abọ́. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, obìnrin náà ti ń lọ. Ó-Pé rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó ní irú èyí kò mọ ohun tó ní.

Ìkùukùu ti bo gbogbo adágún nírọ̀lẹ́. Ó-Pé kó àwọn agésùsú dé ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìṣó kẹrìnlá ṣófo. Ó rò pé ọkùnrin náà á ti bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé, á sì ti lọ síbi tó ní òun ń lọ.

"Ó pé," ni ó wí.

Ìkùukùu náà kò kúrò fún ọjọ́ márùn-ún, ọkọ̀ kò sì lè gbéra. Kò sẹ́ni tó wá ọkùnrin náà. Bí wọ́n bá bi ìyàwó rẹ̀, á ní ẹ̀yin náà ṣáà gbọ́ ibi tó ní òun ń lọ. Ní ọjọ́ kẹfà wọ́n rí eérú iná ní ibi mẹ́ta létí erékùṣù. Wọ́n rí esùsú tí ọkùnrin náà dì pọ̀ bí ọkọ̀, tó ti tú sínú omi. Wọ́n rí òkú òun náà, kò jìnnà sí i.

Àwọn agésùsú pèpàdé. Ó-Pé ní ìṣó náà ṣófo.

"Níbo wá ni bàtà wà?" ni ìyá olóògbé bi í. "Bàtà ọmọ mi kì í fò."

Ẹnikẹ́ni kò gbà á gbọ́, àfi opó náà. Ó dìde níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, tí Bọ̀dá bá ní bàtà ò sí níbẹ̀, kò sí níbẹ̀."

Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Ó-Pé. Ó lọ ń fọ́ òkúta fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Àwọn ará ibẹ̀ á nawọ́ sí òkìtì òkúta, wọ́n á ní, "Ó-Pé, bá wa kà á, ṣé ó pé?" Ní ọdún àkọ́kọ́ ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, òun gan-an kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ó lọ rí dókítà ojú. Dókítà ní ojú rẹ̀ dára. Àlá bàtà kò sì jẹ́ kó sùn. Opó náà nìkan ló lè sọ̀rọ̀ náà fún.

"Bóyá mo fojú fò ó," ni yóò wí.

"Rárá. Ìṣó yẹn ṣófo." Kò ṣiyèméjì rí.

Ní ọdún kẹta Ó-Pé fẹ́ opó náà. Ìyá olóògbé kò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Wọ́n gba yàrá kan, wọ́n ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà kan tí Ó-Pé ń ká aṣọ, ó rí i pé ìborùn aláró ìyàwó rẹ̀ kò ní igun kan. Ó bi í. Ó ní eku ló jẹ ẹ́.

Ní ọdún kẹsàn-án òjò kọ̀, adágún sì fà sẹ́yìn títí òpó èbúté fi dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n rán àwọn afọ́kúta lọ ṣa òkúta ní ìsàlẹ̀ omi tó gbẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn òpó, Ó-Pé hú òkúta kan tó tóbi ju orí ènìyàn lọ. Bàtà rọ́bà méjì ni wọ́n fi aṣọ dì mọ́ ọn, ẹrẹ̀ kún inú wọn.

Ó fi àtàńpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lára aṣọ náà títí àwọ̀ aró rẹ̀ fi hàn, tó fi rí i pé igun ìborùn ni, ó sì gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lókè lẹ́bàá pákó ìṣó, tó ń pè é pé òun ti gbé oúnjẹ dé.