Káfíńtà Tó Fi Àgádágodo Ti Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Rẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Káfíńtà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà rò pé òun ti mọ̀.

1.

Káfíńtà kan ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù, aláwọ̀ eérú. Ọwọ́ púpọ̀ ló ti wà kó tó kàn án, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn débi pé aṣọ ìnujú ara rẹ̀ ló fi ń nu gíláàsì ọkọ̀ náà. Ó ní ìyàwó, ó ní ìbejì, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ó ń bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ.

Àmọ́ ọkùnrin yìí ní àìsàn kan: kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bó bá ra ìṣó, á kà á lójú ẹni tó tà á, á tún un kà nílé. Bí ìyàwó bá rojọ́, á ní, "Ìfura loògùn àgbà." Oògùn náà dára, òun ló lò ó kọjá ìwọ̀n.

2.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì nítorí bíréèkì. Mẹ́káníìkì yọjú lábẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá Ìbejì, omi ń jò nínú ràdíétọ̀ yín. Kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ kó tó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ràdíétọ̀? Bíréèkì ni mo ní kó o wò."

"Mo rí i ni mo ṣe sọ, ẹ̀gbọ́n."

"Owó lo rí, kì í ṣomi."

Bó ṣe délé, ó kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ òun mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo omi. Omi kún dẹ́nu. Ó tún wò ó lọ́jọ́ kẹta, ó kún. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, omi ò lọ sílẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ a máa tutù díẹ̀ láàárọ̀ o, ó rí i, àmọ́ ó ní ìrì ni.

"Ṣẹ́ ẹ rí i pé olè ni mẹ́káníìkì yẹn?" ló sọ fún ìyàwó àti àna rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyá gbé ọ̀kan nínú ìbejì pọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ má tíì bá a rẹ́rìn-ín.

3.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, oorun dá lójú káfíńtà. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló rí nídìí ọkọ̀, tó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó mú jọ́ọ̀gì kan lọ́wọ́. Ìyá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó da nǹkan sínú ọkọ̀, ó sì rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Káfíńtà rọra kúrò lójú fèrèsé.

Ká ní ó béèrè ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síbí. Kò béèrè. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá pákó, ó ń ro ibi. Ó rántí pé ìyá yìí ni ò fẹ́ kí òun ra ọkọ̀. Ó rántí ọjọ́ tórí fọ́ òun lẹ́yìn tóun jẹun ọwọ́ rẹ̀ tán. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dá ìyá ìyàwó rẹ̀ lẹ́bi nínú ọkàn pé oògùn ìkà ló ń dà sínú ọkọ̀ òun.

Ìkọ́ irin tí wọ́n ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló mú, ó dá bọ́nẹ́ẹ̀tì lu, ó kàn án mọ́ ọn, ó fi àgádágodo tì í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́rùn.

"Ọkọ mi, kí lèyí wà fún?" ni ìyá béèrè.

"Ọwọ́ ló pọ̀ jù nídìí ọkọ̀ yìí, Mọ́mì."

Ìyá yíjú wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti yé e pé òun lọ̀rọ̀ ń bá wí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun fẹ́ padà sílé òun lópin ọ̀sẹ̀.

Káfíńtà ò sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́. Kí ló fẹ́ ṣí i fún? Ó ṣáà ti tì í.

4.

Lọ́jọ́ tí ìyá máa lọ, gbogbo wọn wọ ọkọ̀, ó di gáréèjì. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Bàbá Ìbejì, ẹ wo abẹ́rẹ́ yẹn o," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mẹ́káníìkì ló bà á jẹ́, kí n lè padà wá bá a."

Ó tẹná mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ń gun òkè kan, èéfín yọ, ẹ́ńjìnnì ń dún bí òkúta nínú agolo, ọkọ̀ sì kú sójú ọ̀nà. Káfíńtà fò bọ́ sílẹ̀, ó ṣí àgádágodo. Ràdíétọ̀ gbẹ táútáú. Àwọn èèyàn ti ń péjọ. Ó kọjú sí ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Mọ́mì, mo rí yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kí lẹ dà sínú ọkọ̀ mi?"

Ìyá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Omi ni. Mo pàdé mẹ́káníìkì yín, ó bẹ̀ mí pé bẹ́ ẹ ò bá tíì fẹ́ tún un ṣe, kí n máa bomi sí i láràárọ̀. Ẹ ti ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, mi ò sì fẹ́ bí yín nínú. Ìyẹn ni mo ṣe ń ṣe é kẹ́ ẹ tó jí."

"Kí lẹ rò pé màmá mi ń dà síbẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Káfíńtà sáré pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó rò. Ìyá gbé báàgì rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ.

5.

Ẹ́ńjìnnì ò ṣeé tún ṣe mọ́. Àwọn tó ń ra irin àtijọ́ ló wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ.

Káfíńtà lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. Ìyá ní òun ti dárí jì í, ó sì wá kí wọn nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n orí àga ló jókòó sí bí àlejò. Kò wọ ilé ìdáná, kò gbé ohunkóhun láìkọ́kọ́ béèrè. Ọ̀kan nínú ìbejì wá ṣubú, ó ń ké, ó nawọ́ sí ìyá àgbà. Ìyá dìde, ó dúró, ó yíjú sí káfíńtà.

"Ṣé kí n gbé e?"

Káfíńtà bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa ọkọ̀ àlòkù, ohun tó bá ń jò, ẹ tètè tún un ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ò sì lọ́kọ̀, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dájọ́, torí ọkọ̀ ṣeé rà lọ́jà, ọkàn ẹni téèyàn fura sí láìṣẹ̀ kò ṣeé rà. Kẹ́ ẹ tó nàka sí ará ilé, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín dáadáa, bóyá ara rẹ̀ gan-an ni àléébù wà: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.