Agolo Píìnì Fadérera

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ fetí sí mi. Ní ọdún kan, ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Àbújá, wọ́n ń ṣe ìdíje arẹwà orílẹ̀-èdè. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan dúró fún ìpínlẹ̀ rẹ̀, tilé-toko sì ń wò ó lórí tẹlifíṣàn. Fadérera, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ló dúró fún Ọ̀ṣun. Ó lẹ́wà lóòótọ́, Ọlọ́run kò fi ẹwà dù ú. Àmọ́ ó háwọ́! Bí ó bá ń jẹ ẹ̀pà lọ́dọ̀ rẹ, èèpo nìkan lo máa rí.

Nígbà tó ń kúrò nílé, ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, bu píìnì kún agolo súìtì kan fún un. Ó ní, "Gbà. Aṣọ kò mọ ọjọ́ iyì, ìgbàkígbà ló lè já. Tìrẹ ni, ti ẹni tó bá tọrọ lọ́wọ́ rẹ náà sì ni. Bí o kò bá fẹ́ fún èèyàn, sọ pé o kò fẹ́. Má fi ẹnu ara rẹ pe 'kò sí'."

Ọjọ́ ìdíje pé. Àwọn ọmọbìnrin ti múra tán sínú aṣọ ìbílẹ̀, wọ́n ń dúró de ìpè nínú yàrá kan lẹ́yìn ìtàgé. Àwọn onítẹlifíṣàn ti gbé kámẹ́rà kan kọ́ sí igun ògiri níbẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wọn pé, "Ẹ ṣọ́ra o, ìgbàkígbà la lè fi ibí hàn." Ta ló ráyè rántí? Ilé ni ọkàn Fadérera wà. Ó mọ̀ pé ní Ìlá, ìyá òun ti gbé tẹlifíṣàn síta, àdúgbò sì ti pé jọ síwájú rẹ̀. Bí òun kò bá gba adé ńkọ́? Ojú wo ni òun máa fi wọ̀lú?

Ibi tó ti ń rò ó ni Sẹ̀rífátù ti sún mọ́ ọn, ọmọ Ọ̀fà tó dúró fún Kwara. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìró rẹ̀ mú.

"Fadé, jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ní píìnì? Ìró mi fẹ́ bọ́."

Ọ̀pọ̀ ẹnu ló sì ti ń sọ pé Sẹ̀rífátù ni adé máa bọ́ sí lọ́wọ́. Fadérera wò ó tòkè-tilẹ̀. Ó rò ó pé bí ìró eléyìí bá bọ́ lójú ayé, ẹni tó ń dí òun lọ́nà jù ti kúrò nìyẹn.

"Píìnì kẹ̀? Kò sí o. Mo fi ìyá mi búra, n ò ní ẹyọ kan."

Gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ. Áà, ọmọ aráyé! Sẹ̀rífátù kò bínú. Ó gbá ìró náà mọ́ra dáadáa, ó so etí rẹ̀ ní kókó bí àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe, ó sì lọ jókòó.

Kò pẹ́, ó kan Ọ̀ṣun. Fadérera dìde, ó mí kanlẹ̀. Fàà! Síìpù ẹ̀yìn gáùn òfì rẹ̀ là dé ìdí. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó ti fa agolo náà dé ẹnu báàgì kó tó gbójú sókè. Gbogbo wọn ń wò ó. Ìbúra rẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Kí ló máa sọ? Pé píìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ hù níbẹ̀ ni? Ó rọra ti agolo náà padà. Wọ́n ń pariwo níta pé, "Ọ̀ṣun! Ọ̀ṣun dà?" Ohun tó lè yọ ọ́ wà lábẹ́ ìka rẹ̀, kò sì lè mú un.

Sẹ̀rífátù ló sáré dé. Ó yọ ìborùn èjìká ara rẹ̀, ó lọ́ ọ mọ́ ìdí Fadérera, ó sì fún un le.

"Ó ti bò ó. Máa lọ, má jẹ́ kí wọ́n rí i lójú rẹ."

Fadérera jáde. Ìyá àgbà kan láàárín àwọn adájọ́ wò ó títí. "Ọmọ mi, ìborùn tí o lọ́ mọ́ ìdí yìí gbayì. Ta ló fún ọ lọ́gbọ́n rẹ̀?"

Ẹ gbọ́ mi o, ìlẹ̀kùn ni ìyá yẹn ṣí fún un! Kó dárúkọ ẹnìkan péré ni. Fadérera ní, "Ẹ ṣé, mà. Èmi ni mo dá a rò fúnra mi."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín láàárín èrò, ni gbogbo wọn bá bú sí i. Fadérera kò mọ̀ pé kí ẹnìkan tó jáde tẹ̀lé èkejì, yàrá ẹ̀yìn ìtàgé ni wọ́n ń fi hàn aráyé, àti lórí tẹlifíṣàn ńlá inú gbọ̀ngàn náà. Wọ́n ti gbọ́ ìbúra rẹ̀. Wọ́n ti rí agolo náà, wọ́n sì mọ ẹni tó ni ìborùn.

Ọmọ Bayelsa ló gba adé, Sẹ̀rífátù ṣe ipò kejì. Fadérera bá igun kan lọ, ó pe ìyá rẹ̀. Fóònù dún títí kí wọ́n tó gbé e. Ìyá kò bú u.

"Fadérera."

"Mà."

"Agolo tí mo fún ọ dà?"

Ó la ẹnu. Bí ó bá ní ó wà, ìtìjú ni. Bí ó bá ní kò sí, irọ́ mìíràn ni. Ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá fi irọ́ ti nǹkan mọ́lé kí ẹlòmíràn má bàa rí i lò, òun náà kò ní rí i lò lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀. Ẹ lawọ́, kí ẹ sì sọ òtítọ́, ì báà jẹ́ níbi tí ẹ rò pé ojú kankan kò sí. Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun.