Ọmọ Kejì Inú Àwòrán

Wọ́n fún ọkọ mi lámì-ẹ̀yẹ lónìí, torí pé gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń tún àgbọ̀n ọmọdé tó yọ síwájú ṣe láìlo ọ̀bẹ.

Mò ń wò ó lórí fóònù ní ọsibítù. Ọ̀rọ̀ dídùn ń lọ nílẹ̀.

Ó fi àwòrán ọmọ méjì hàn wọ́n.

"Wáyà ni mo fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Ìkejì, mi ò fọwọ́ kàn án, ká lè rí ìyàtọ̀."

Ẹnì kan bi í pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, òbí wo ló gbà fún yín?"

"Òbí tí kò lágídí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì dé. "Màmá, ó ti yá."

Ọmọbìnrin mi di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mọ́mì, ẹ má sọ fún Dádì o. Ọ̀bẹ máa ń bà wọ́n lẹ́rù."

Òun ni ọmọ kejì inú àwòrán yẹn.

Egungun rẹ̀ ti gbó kọjá ohun tí wáyà lè tún ṣe. Ayùn ni wọ́n fẹ́ fi gé àgbọ̀n rẹ̀.