Kòtò Omi Ọlátúndé

Ilẹ̀ kan ṣófo lẹ́yìn ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Sàídì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ọlátúndé, ìbátan rẹ̀, fẹ́ fi dá ọgbà ẹ̀fọ́. Àlàájì Àkíbù, bàbá Sàídì àti olórí ilé, fi í fún Ọlátúndé.

“Tí ọgbà yẹn bá rí òjò ọdún tó ń bọ̀ láìbàjẹ́,” Àlàájì wí, “tìẹ nilẹ̀.”

Látìgbà tí odò Ògùnpa ti gbé ewébẹ̀ rẹ̀ lọ ni Ọlátúndé ti búra pé ohunkóhun ò ní bá òun lójijì mọ́. Ó ń yí ilé ká, ó ń bèèrè ohun tó lè ba ọgbà jẹ́. Wọ́n ní ewúrẹ́. Ó fi igi ẹlẹ́gùn-ún yí i ká. Wọ́n ní olè. Ó gbin èsìsì sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ọ̀dá, wọ́n ní àgbàrá; ó ní òun á gbẹ́ kòtò tí yóò gba omi òjò pa mọ́.

“Bọ̀ọ̀dá Túndé,” Kúbúrá, ìyàwó Sàídì, wí, “tí òṣùpá bá já lulẹ̀ ńkọ́?”

“Apá ibo ló máa já sí?” Ọlátúndé bi í. Kò rẹ́rìn-ín.

Àlàájì nìkan ni kì í fi í ṣẹ̀sín. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, á gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀, á wá jókòó ti ọgbà.

“Má gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín yẹn,” ó wí. “Gbòǹgbò máa ń yọni lẹ́nu.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá.”

“Kòtò yẹn, jẹ́ kó gùn sí i. Kó má fẹ̀ jù. Kó dábùú ìlà-oòrùn.”

Ọlátúndé gbà pé àgbà ló mọ ibi tí àgbàrá ń gbà. Ó gbẹ́ ẹ títí ó fi mù ún dé àyà. Ó ń fọ́nnu káàkiri Bẹẹrẹ pé Àlàájì ti rí ọgbọ́n òun. Sàídì ò bá a jiyàn mọ́.

Tẹ̀tẹ̀ yọ, ilá so. Ewúrẹ́ kan ò wọlé, olè ò sún mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú, ààfáà tó wá láti Ọjà'ba fi ọ̀pá wọn kòtò náà, ó ní kò ku ohun tí ẹnikẹ́ni máa gbẹ́ mọ́, Sàídì àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì rọra tẹ́ Àlàájì sínú rẹ̀ nínú aṣọ funfun.